Ìyá Àgbà, Olè Ẹyin Ilé Ara Rẹ̀

Èmi ni mo sọ Múlíkátù di olè. Kí n tó sọ ohunkóhun nípa Ìyá Àgbà, ẹ jẹ́ kí n gbé ìyẹn kalẹ̀ ná, torí bí mo bá yin òkú tán, ojú á tì mí láti sọ ọ́ mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà, Múlí jẹ́ mẹ́tàlá. Ọmọ àbúrò bàbá mi obìnrin ni. Òjòkú ni ìyá rẹ̀ ń gbé, àmọ́ nítorí ilé-ìwé, ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà ni òun náà wà pẹ̀lú wa ní Ọ̀fà. Bọ̀dá Làmídì ló ń pè mí. Irun orí rẹ̀ ń já ní ojú kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fà á, èmi sì sọ ní ilé kéú, lójú bí ogún ọmọ, pé orí olè ni wọ́n fá fún un. Ẹni tó bá dàgbà níhìn-ín á mọ orí olè: bí ọwọ́ bá tẹ olè adìẹ, wọ́n á fi abẹ fá ibí, wọ́n á dá ọ̀hún sí, kí ará ọjà lè dá a mọ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ mi fún bíi wákàtí kan péré.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tí Ìyá Àgbà jẹ́ kí ẹ tó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bà á tó. Irun ló ń dì. Ìyá Onídìrí ni gbogbo Ọ̀fà ń pè é. Bí mo bá ní gbogbo Ọ̀fà, àdúgbò wa àti èyí tó tẹ̀lé e ni mo ní lọ́kàn. Lábẹ́ igi máńgòrò ló ń jókòó, lórí àpótí kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Oníbàárà á jókòó sórí ẹní, á gbé orí sáàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Bí orí rẹ bá ti wọ ibẹ̀, ìwọ kọ́ lo ni ín mọ́. Á fi òòyà yà á, á fi àdín ra á, á sì máa kà á bí ẹni ń ka ìwé. Ìwé gan-an ò mọ̀ ọ́n kà.

Ìyàwó tuntun kan wá láti Ìjàgbò lọ́jọ́ kan.

"Ìyàwó, kí lo jẹ lánàá?"

"Ìyá, iyán ni o, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹran."

Ìyá Àgbà fọwọ́ kan irun rẹ̀ díẹ̀, irun náà já wọ́ọ́rọ́wọ́. "Ẹran wo? Òórùn ẹran ni ọkọ rẹ ń fún ọ jẹ. Ẹ̀bà lásán ni irun yìí ń sọ fún mi."

Ìyàwó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló wá sọ òótọ́. Nígbà tó lọ tán, Ìyá Àgbà gbá irun tó já jọ, ó ní, "Ẹnu lè purọ́ ebi. Irun kì í bá a purọ́ ọ̀hún."

Ó fẹ́ràn ìjà díẹ̀, mi ò ní í bò ó. Nígbà tí ọ̀dọ́mọbìnrin kan ṣí sálúùn sí òdìkejì títì wa, tó gbé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru sórí èèyàn wá, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ síra wọn.

"Ìyá, ayé ti là o! Ẹ tún àpótí yẹn ṣe."

"Ó là lóòótọ́. Òun ló ń wo orí tí ò ń yan bí àgbàdo."

Síbẹ̀, bí a bá se ànàmọ́, àwo àkọ́bù, ọmọ sálúùn ni Ìyá Àgbà á ní kí n gbé e lọ fún. Mo bi wọ́n pé ṣebí ẹ̀yin méjèèjì ń jà. Wọ́n ní, "Ẹnu ni ìjà wà, ikùn ni ànàmọ́ ń lọ. Wọn ò ní í pàdé lọ́nà."

Ìjà tó le jù tí mo rí lójú Ìyá Àgbà, irun dídì líle ló fà á. Bí ìyá ọmọ kan bá ní kí wọ́n dì í kó le, kó lè pẹ́, wọ́n á fi òòyà sílẹ̀. "Irun kì í ṣe ewúrẹ́. Mi ò lè so ó mọ́lẹ̀."

Adìẹ mẹ́sàn-án ló wà nílé wa, òfin kan ló sì wà lórí wọn: ọmọdé ò gbọdọ̀ jẹ ẹyin. Ọmọ tó bá mọ adùn ẹyin, olè ni yóò dà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi tọ́ Ìyá Àgbà, bẹ́ẹ̀ ni òun náà fi tọ́ bàbá mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, mo fọ́ ọ̀kan mu ní tútù lẹ́yìn ilé ìdáná. Ìyá Àgbà nà mí débi pé adìẹ gan-an sá kúrò nítòsí. Lẹ́yìn tí mo sunkún tán, wọ́n pè mí, wọ́n sì fi mí ṣe olùṣọ́ ẹyin. Èmi ni kí n máa mọ ibi tí adìẹ kọ̀ọ̀kan ń yé sí, kí n máa ka ẹyin rẹ̀, kí n wá jábọ̀. Ẹnu ya gbogbo ilé. Wọ́n ní, "Ẹni tó ti jí i rí ló mọ ibi tí olè máa gbà wọlé."

Iṣẹ́ yẹn wú mi lórí gan-an. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ọjọ́ Sátidé kan ni Ìyá Àgbà ń tú irun Múlí láti tún un dì. Mo gbọ́ tí òòyà bọ́ lulẹ̀. Ojú kan wà lẹ́yìn etí rẹ̀, róbótó bí ìdérí ìgò. Èkejì wà ní àtàrí, ó fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò sí irun kankan níbẹ̀, ó ń dán. Ìyá Àgbà fọwọ́ pa á títí. Wọ́n kọ́kọ́ pè é ní lápálápá, ṣùgbọ́n kò yún un, kò sì ní èépá. Lẹ́yìn náà, wọ́n wo ọwọ́ ara wọn, bí ẹni pé ọwọ́ tó ń dì í ló fà á. Wọ́n gbé àpótí wọlé, ọjọ́ mẹ́jọ ni wọn ò fi fọwọ́ kan orí ẹnikẹ́ni. Àwọn oníbàárà ń dé, wọ́n ń padà. Aládùúgbò kan ní kí wọ́n máa fi kẹrosíìnì ra ibi tó pá náà. Ìyá Àgbà wò ó láti òkè délẹ̀: "Orí ọmọ mi lo fẹ́ tàn bí àtùpà?"

Ẹni tó gbà wọ́n lọ́wọ́ èrò yẹn ni Mọ́mì Nọ́ọ̀sì, ìyá kan tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa, tó máa ń kọrin ìsìn bó bá ń fọ aṣọ. Ó ti mú Múlí lọ bá dókítà. Nígbà tí wọ́n dé, ó jókòó ti Ìyá Àgbà.

"Ìyá, ọwọ́ yín kọ́. Irun tí dídì bá fà já, etí iwájú orí ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Dókítà ní ara ọmọ yìí ló ń bá irun ara rẹ̀ jà."

"Ara rẹ̀ ló ń bá irun rẹ̀ jìjàkadì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Ọmọ Ọ̀fà pọ́nńbélé!" Ìyá Àgbà ní. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rẹ́rìn-ín láàárín ọjọ́ mẹ́jọ nìyẹn. "Kí la ó wá fún un jẹ, tí wọ́n á fi parí ìjà?"

"Mi ò ní í tàn yín, Ìyá. Oúnjẹ kì í ṣe oògùn rẹ̀. Ẹlòmíràn á jẹ gbogbo ohun tí mo fẹ́ kà yìí, irun ò ní í hù. Ẹlòmíràn ò ní í ṣe nǹkan kan, irun á padà fúnra rẹ̀. Àmọ́ kí ni Múlí ń jẹ?"

Gbogbo wa wo Múlí. Gàrí àti ṣúgà láàárọ̀, ẹ̀bà lọ́sàn-án, gàrí lẹ́ẹ̀kan sí i bí a ò bá ṣọ́ ọ. Ẹ̀wà, òkúta ló kà á sí. Ẹja, ojú rẹ̀ ló ní ó ń wo òun.

"Ẹ rí i, Ìyá. Bí oúnjẹ bá dé inú ara, ọkàn á bu tirẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á bu tirẹ̀, egungun á bu tirẹ̀. Irun ló ń jẹun kẹ́yìn. Bí oúnjẹ ò bá kárí, irun ló ń febi sùn."

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Ìyá Àgbà ti gba ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Orí gbogbo tó bá wọ àárín orúnkún wọn ló ń gbọ́ ọ, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n ti ń sọ ọ́ látọjọ́ aláyé ti dáyé: "Irun ló ń jẹun kẹ́yìn o!"

Lọ́jọ́ náà, Nọ́ọ̀sì ka ohun tó dáa: ẹ̀wà, ẹja, ẹ̀dọ̀, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹ̀gúsí, ẹ̀pà, wàrà, ọsàn, ànàmọ́. Ànàmọ́ nìkan ni Ìyá Àgbà dá a lóhùn lé lórí. Wọ́n ní ta ni ń kọ́ ará Ọ̀fà ní ànàmọ́ jíjẹ? Ìgbà tí Nọ́ọ̀sì wá ní, "Àti ẹyin, ọ̀kan lójúmọ́, kó jinná dáadáa," ni ẹ̀rín kúrò lójú wọn.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ yọ ẹyin kúrò."

"Ìyá, ẹyin wà lára èyí tó ṣe pàtàkì jù."

Wọ́n wò mí, èmi tí wọ́n ti nà nítorí ẹyin. Wọ́n ní, "A ti gbọ́."

Ẹ wá wo ogun oúnjẹ nílé wa! Ìyá Àgbà lọ ẹ̀wà, ó fi ṣe àkàrà, Múlí jẹ ẹ́. Ó tún un lọ, ó pọ́n ọn léwé, ó di ọ̀ọ̀lẹ̀, Múlí jẹ ẹ́, ó ní kí wọ́n tún fún òun sí i. Ó rẹ́ ẹ̀dọ̀ wẹ́wẹ́ mọ́ ẹ̀fọ́, Múlí ò mọ̀. Lọ́jọ́ kọkànlá ó se ẹ̀wà lódindi, ó gbé e síwájú rẹ̀.

"Ìyá Àgbà, ẹ mọ̀ pé mi ò kì í jẹ ẹ̀wà."

"Òun lo ti ń jẹ láti ọjọ́ mẹ́wàá. Aṣọ ló kàn bọ́."

"Ẹ tàn mí jẹ!"

"Èmi àti irun rẹ là ń sọ̀rọ̀. Ta ló pè ọ́ sí i?"

Gbogbo èyí, gbangba ni. Ẹyin ni kì í ṣe gbangba. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti nà nítorí ẹyin pọ̀ nílé, ojú sì ń ti Ìyá Àgbà láti rú òfin ara wọn níwájú wọn. Nítorí náà, bí àwa yòókù bá ti lọ sí ilé kéú lọ́sàn-án, wọ́n á dá Múlí dúró pẹ́ díẹ̀, wọ́n á fún un ní ẹyin sísè ní yàrá, wọ́n á ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ò mọ èyí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé adìẹ dúdú yé márùn-ún, mo bá mẹ́ta.

Mo jábọ̀. Ìyá Àgbà gbójú sókè. "Alángbá ni."

Ní ọjọ́ kejì, ó ku méjì. "Alángbá yẹn tún ti dé," wọ́n ní, wọn ò sì wò mí lójú.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Múlí pẹ́ dé ilé kéú. Nígbà tó jókòó, mo rí ìyẹ̀fun pupa ẹyin létí ẹnu rẹ̀. Inú bí mi gidigidi. Mi ò ní í purọ́ pé nítorí ẹyin Ìyá Àgbà ni mo fi bínú. Ẹgba ọdún méje sẹ́yìn ló ń ta mí lára. Ìborùn rẹ̀ ti sún díẹ̀, ibi tó pá ti hàn, àwọn ọmọ ń wò ó. Ni mo bá lanu: "Ẹ̀ ń bi ara yín ohun tó ṣe é lórí? Ó ń jí ẹyin jẹ nílé wa. Orí olè ni wọ́n fá fún un."

Mo mọ̀ pé wọn ò fá a. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí òòyà bọ́.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti di orin. Afáà wa, tó ń múra wólímọ̀ ọmọ mẹ́fà sílẹ̀, tí Múlí sì wà lára wọn, ní kó dúró ná títí ọ̀rọ̀ náà á fi yé òun. Ẹni tó bá máa ka Kùránì níwájú ìlú, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́. Múlí ò sọ nǹkan kan. Ìyá Àgbà ti ní kó má sọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó di ẹrù rẹ̀, ó bá ọkọ̀ lọ sí Òjòkú. Ó fi wàláà rẹ̀, pátákó tó fi ń kọ́ kéú, kọ́ sára ìṣó níbi tó máa ń kọ́ ọ sí.

Ìyá Àgbà dúró níwájú wàláà yẹn fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n bèèrè ẹni tó sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó dáhùn, èmi náà ò dáhùn.

Ní ọjọ́ Àlàmísì, wọ́n se gbogbo ẹyin ilé, títí kan èyí tí adìẹ dúdú fẹ́ sàba lé. Wọ́n kó wọn sínú agbada, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó, wọ́n rù ú lọ sí ilé kéú lójú ọ̀sán gangan.

"Afáà, ẹ kú ìjókòó o."

"Ìyá Onídìrí, ẹ káàbọ̀. Ṣé kò sí?"

"Ó wà. Wọ́n ní ẹ̀ ń wá olè ẹyin."

"Ìyá, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé..."

"Ẹ má wá a mọ́. Òun ló dúró níwájú yín yìí."

Wọ́n sọ agbada kalẹ̀, wọ́n jókòó sórí ẹní láàárín àwa ọmọ, wọ́n sì tú gèlè orí wọn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò rí orí Ìyá Àgbà ní òfìfo níta rí.

"Ẹ ní orí olè ni wọ́n fá fún ọmọ mi. Ẹ mú abẹ wá, ẹ fá ti olè gan-an."

Afáà yíjú sí ògiri kíá. "Ìyá, ẹ dákun! Ẹ wé gèlè yín! Ẹ jọ̀ọ́!"

"N ò ní í wé e títí ẹ ó fi gbọ́. Ẹyin ilé mi ni, èmi ni mo ń kó o. Òfin tí mo fi na àwọn wọ̀nyí ni mo ń rú ní yàrá. Ojú ń tì mí, ni mo bá fi ọmọ bo ìtìjú mi."

Wọ́n ká aṣọ funfun kúrò. "Ó yá, kí kálukú mú ọ̀kan. Ẹ jẹ ẹ́ lójú mi. Bí ọdún bá yí po tí ẹ ò tíì jalè, á jẹ́ pé èmi ni mo ti ń purọ́ látọjọ́ yìí."

Ọmọ kékeré kan nawọ́. "Ìyá, bí a bá jalè ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé ẹyọ kan ò yó yín."

Afáà ní òun ń gba ààwẹ̀. Wọ́n ní kó fi tirẹ̀ sápò di ìrọ̀lẹ́. Ó fi í sápò. Pẹ̀lú ẹyin yẹn lápò ló bá Ìyá Àgbà wọkọ̀ lọ sí Òjòkú lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, láti bẹ Múlí àti ìyá rẹ̀, kí Múlí lè padà wá.

Mi ò jẹ ẹyin tèmi. Kí wọ́n tó lọ wọkọ̀, Ìyá Àgbà pè mí sẹ́yìn ilé ìdáná. Mo rò pé pàṣán ni. Wọ́n wé gèlè wọn dáadáa ná.

"Làmídì, méjì péré ló mọ iye ẹyin tó wà lábẹ́ adìẹ dúdú: adìẹ dúdú àti ìwọ. Adìẹ kì í lọ sí ilé kéú."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àgbà mìíràn ì bá pa òwe ẹyin lọ̀rọ̀ fún mi, pé bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọn ò pa á. Wọ́n ní, "Ohun tí ẹnu bá bàjẹ́ ní gbangba, wọn kì í tún un ṣe ní kọ̀rọ̀. Mo ti san tèmi. Tìrẹ wà lọ́rùn rẹ."

Wọn ò sọ fún Múlí. Wọn ò tún bi mí mọ́. Ọwọ́ mi ni wọ́n fi í sí, ó sì wà níbẹ̀ dòní.

Múlí padà. Ẹyin di ohun tí gbogbo ọmọ ilé ń jẹ ní gbangba, bí adìẹ bá ti lágbára tó. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, irun bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní àtàrí rẹ̀, àmọ́ funfun ló kọ́kọ́ jẹ́. Ìyá Àgbà ń kí i láràárọ̀ pé, "Ẹgbẹ́ mi, ẹ káàárọ̀ o!" Nígbà tó yá, ó dúdú. Mi ò lè sọ pé ẹ̀wà ló ṣe é tàbí ẹyin. Mọ́mì Nọ́ọ̀sì gan-an ò sọ bẹ́ẹ̀. Ojú ti ẹ̀yìn etí ò hù rárá, ó wà níbẹ̀ di ìsinsìnyí. Lọ́jọ́ wólímọ̀, nígbà tí Múlí ní kí Ìyá Àgbà fi irun bo ibẹ̀, wọ́n bò ó, wọ́n sì ní, "Fèrèsé ni. Orí náà ń fẹ́ atẹ́gùn."

Oṣù tó kọjá ni Ìyá Àgbà lọ, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí irun tó já. Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe báyìí. Kíláàsì kẹta ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, ẹ má wo bí mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́jọ́ fídáù kẹjọ, Múlí gun ọ̀kadà wá láti Ìjàgbò, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé níwèé. Agbọ̀n ẹyin wà lórí itan rẹ̀, ọ̀kan ò fọ́. Ó sè é fún gbogbo ọmọ tó wá, ó sì ń sọ ìtàn náà fún àwọn àlejò: gèlè, abẹ, ẹyin àpò Afáà. Gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi.

"Títí dòní, mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ìyá Àgbà mọ̀, wọn ò sọ. Bọ̀dá Làmídì, ṣé ẹ̀yin mọ̀ ọ́n?"

Mo ní, "Ó ti pẹ́." Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń ṣa èèpo ẹyin nílẹ̀, bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ mí níṣẹ́.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ kí ìwé yìí bá mi sọ ọ́ fún un. Àmọ́ kọ̀rọ̀ ni ìwé jẹ́, mo sì rántí ohun tí wọ́n wí lẹ́yìn ilé ìdáná. Fídáù ogójì ọjọ́ ń bọ̀. Múlí á wà níbẹ̀, Afáà á wà níbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn tó rẹ́rìn-ín ọjọ́ yẹn náà á wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni gbèsè tí mo jẹ ẹ́, níbẹ̀ ni màá sì ti san án: Múlí, èmi ni.